Bí Wọ́n Bá Rán Júrì Níṣẹ́ Ẹrú

Bí ẹjọ́ ìpànìyàn bá wọ Kóòtù Gíga ìlú Kumasi, ènìyàn méje ni wọ́n máa ń mú jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti gbọ́ ọ. Wọn kì í ṣe amòfin. Olùkọ́ lè wà nínú wọn, akọ̀wé ìjọba lè wà níbẹ̀, òṣìṣẹ́ báǹkì náà lè wà níbẹ̀. Wọ́n á búra, wọ́n á gbọ́ ẹlẹ́rìí tọ̀tún tòsì, adájọ́ á ṣàlàyé òfin fún wọn, wọ́n á sì wọ yàrá kan lọ láti forí korí. Nígbà tí wọ́n bá jáde, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni gbogbo kóòtù ń retí lẹ́nu olórí wọn: ó jẹ̀bi, àbí kò jẹ̀bi.

Ohun tí ọ̀pọ̀ amòfin ní Gánà gbà, tí àwọn ará ìlú náà sì ti gbọ́ lẹ́nu wọn títí tó fi di òótọ́ létí wọn, ni pé iṣẹ́ àwọn méje yìí kò ju kí wọ́n wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ. Ṣé ọwọ́ ọkùnrin yìí ni ọ̀bẹ wà? Ṣé ọgbẹ́ náà ló pa olóògbé? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí wọ́n sọ pé ó jẹ̀bi, kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Bóyá òfin tí wọ́n fi mú un dára tàbí kò dára, kò kàn wọ́n. Júrì tó bá ní òun rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ sí ìyà tí òfin so mọ́ ọn, wọ́n á ní ó ti sẹ́ ìbúra rẹ̀, ó ti sọ ara rẹ̀ di aṣòfin láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dìbò fún un. Àwọn kan tilẹ̀ fi èyí ṣe ìdí pàtàkì tí wọ́n fi ń ké pé kí Gánà pa júrì rẹ́ pátápátá. Wọ́n ní àánú ń ṣe wọ́n jù, wọ́n ní wọn ò mọ òfin, wọ́n ní ẹjọ́ ń falẹ̀ nítorí wọn.

Èmi kò gbà. Mo ní júrì tó kọ̀ láti ti ọmọ ẹ̀dá sínú ìyà tí kò tọ́ sí i, bí ẹ̀rí tilẹ̀ pé, iṣẹ́ tí wọ́n torí rẹ̀ pè é ló ṣe. Kíkọ̀ yẹn gan-an ni ìdí tí júrì fi wà. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, àwọn méje náà kò wúlò ju òǹtẹ̀ tí akọ̀wé kóòtù fi ń lu ìwé lọ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tí ìwé òfin sọ. Abala 19 nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Gánà ti ọdún 1992 sọ pé ẹ̀sùn tó bá lè yọrí sí ikú tàbí ẹ̀wọ̀n gbére, àfi ti ọ̀tẹ̀ sí orílẹ̀-èdè, adájọ́ pẹ̀lú júrì ni kó gbọ́ ọ. Bí ìyà ẹ̀sùn náà bá jẹ́ ikú, ohùn gbogbo júrì gbọ́dọ̀ ṣọ̀kan. Bó bá jẹ́ ẹ̀wọ̀n gbére, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ni yóò sọ iye ohùn tó máa tó. Mo fẹ́ kí àwọn tó ní wíwádìí ọ̀rọ̀ nìkan ni iṣẹ́ júrì dá mi lóhùn: kí ló dé tí òfin fi yà á sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀? Ẹ̀rí tó tó láti fi mọ ẹni tó gún olóògbé lọ́bẹ kò yàtọ̀, yálà ikú ni ìyà rẹ̀ tàbí ẹ̀wọ̀n. Àwọn tó kọ ìwé òfin mọ̀ pé ẹni tó jókòó sórí àga júrì ń wo ìyà náà bó ṣe ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n sì fẹ́ kó máa wò ó. Wọn kò fẹ́ kí ìjọba lè gba ẹ̀mí ẹnikẹ́ni nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ àyàfi bí ará ìlú méje bá gbà á láìku ẹnì kan.

Adájọ́ gbọ́dọ̀ kọ ìdí ìdájọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Júrì kì í kọ nǹkan kan, kò sì sí ẹni tó ń bi í pé kí ló dé tó fi sọ ohun tó sọ. Agbára láti kọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò sí amòfin tó lè sẹ́ èyí. Ohun tí a ń jà lé lórí ni bóyá ẹ̀ṣẹ̀ ni kó lò ó.

Òfin ìpànìyàn Gánà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ fi dáhùn. Láti 1960 tí wọ́n ti kọ òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ náà títí di 2023, ẹni tó bá jẹ̀bi ìpànìyàn, ikú ni. Adájọ́ kò lè wo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí kó tó hùwà náà, kò lè wo bóyá òun ló pète ọ̀ràn tàbí wọ́n kàn fà á wọ inú rẹ̀. Bí júrì bá ti sọ pé ó jẹ̀bi, ọ̀rọ̀ bùṣe. Ní 2011 Kóòtù Tó Ga Jù Lọ ní Gánà fọwọ́ sí òfin yìí nínú ẹjọ́ Dexter Johnson. Ní 2014 ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé wo ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kan náà, wọ́n ní sísọ ikú di dandan láìwo ẹni tó ṣẹ̀ àti bó ṣe ṣẹ̀ jẹ́ títẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn sí ẹ̀mí rẹ̀ lójú. Ìjọba Gánà kò tìtorí ìyẹn yí òfin padà.

Bẹ́ẹ̀ ìjọba fúnra rẹ̀ kò lè mú òfin náà ṣẹ mọ́. Ọdún 1993 ni wọ́n pa ènìyàn kẹ́yìn ní Gánà, ọkùnrin méjìlá tí wọ́n yìnbọn fún. Láti ìgbà náà wọn kò pa ẹnì kankan mọ́. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ kò dúró. Ọdún ń gorí ọdún, adájọ́ ń ka ikú sí ènìyàn létí, ní Accra, ní Kumasi, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí ọgbà ẹ̀wọ̀n Nsawam kí wọ́n lọ máa retí ohun tí kò dé. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin máa fi dìbò ní ọjọ́ 25 oṣù keje ọdún 2023 láti yọ ikú kúrò nínú òfin náà, lórí àbá tí Francis-Xavier Sosu, aṣojú Madina, gbé wá, nǹkan bí ènìyàn 176 ló wà lábẹ́ ìdájọ́ ikú, obìnrin mẹ́fà wà lára wọn.

Ọgbọ̀n ọdún ni ìyẹn. Ìjọba wá, ìjọba lọ, ẹgbẹ́ òṣèlú gba ipò lọ́wọ́ ara wọn, gbogbo wọn mọ̀ pé òfin yìí kò ní apá mọ́, kò sì sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn tó ń sọ fún wa pé kí júrì fi òdodo sílẹ̀ fún àwọn aṣòfin, kí wọ́n dúró díẹ̀ níbí. Kí ni kí júrì tí wọ́n pè sí kóòtù Kumasi ní ọdún 1998, tàbí 2005, tàbí 2016, ṣe? Ṣé kó sọ fún olùjẹ́jọ́ pé kó fara dà á, pé aṣòfin ń bọ̀ lọ́dún 2023?

Ẹ fojú inú wo obìnrin kan ní Asafo tàbí Bantama ní Kumasi. Ọkọ rẹ̀ ti ń lù ú láti ọdún pípẹ́, gbogbo àdúgbò mọ̀. Lóru ọjọ́ kan tí ọkùnrin náà ti sùn, ó gbé ọmọrí odó lù ú lórí. Òfin ní ẹni tí wọ́n mú bínú lójijì, tí kò lè kó ara rẹ̀ níjàánu, a lè ka ọ̀ràn rẹ̀ sí ìpànìyàn tó fúyẹ́, tí adájọ́ á lè fi iye ọdún ẹ̀wọ̀n wọn ìyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbínú obìnrin yìí kì í ṣe ti òjijì. Ó ti ń hó láti ọdún mẹ́wàá. Bí a bá tẹ̀lé òfin bí wọ́n ṣe kọ ọ́, ìpànìyàn gidi ni, ikú sì ni títí di 2023. Júrì tó bá wo gbogbo èyí, tó sì jáde wá sọ pé ìpànìyàn tó fúyẹ́ ni, ó ti ré kọjá ohun tí adájọ́ kọ́ ọ. Èmi kò lè dá a lẹ́bi. Òun nìkan ló hùwà ènìyàn sí obìnrin náà nínú gbogbo ẹni tí ẹjọ́ náà gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá títí dé orí àga adájọ́, nítorí àwọn yòókù ti fi ọwọ́ ara wọn de ara wọn.

Kì í ṣe nǹkan tuntun. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Gánà ti mú júrì, la irú ọ̀nà yìí kọjá. Láyé kan níbẹ̀, ẹni tó bá jí ohun tó tó ṣílè 40 nínú ilé onílé, wọ́n á so ó kọ́. Kí ni àwọn júrì ṣe? Wọ́n á gbọ́ pé olè jí ẹrù tó tó bẹ́ẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n á wọlé lọ, wọ́n á jáde wá sọ pé ó jẹ̀bi olè jíjà, ṣùgbọ́n ṣílè 39 ni ẹrù náà tó. Gbogbo kóòtù mọ̀ pé irọ́ ni. Blackstone, àgbà amòfin wọn, mọ̀ ọ́n sí irọ́ olóòótọ́ inú, irọ́ ẹni tó bẹ̀rù Ọlọ́run. Nígbà tó di 1830, àwọn oní-báǹkì fúnra wọn ló kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ sí ilé aṣòfin pé kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n yọ ikú kúrò nínú òfin ayédèrú ìwé owó. Àwọn oní-báǹkì kò yọ́nú lójijì o. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn júrì kò gbà kí wọ́n pa ènìyàn nítorí owó mọ́, àwọn tó ń ṣe ayédèrú sì ń lọ lófẹ̀ẹ́. Kíkọ̀ júrì ló ti aṣòfin lẹ́yìn títí tó fi rìn. Ẹni tó bá ní júrì tó kọ̀ ń ba òfin jẹ́, kó wo ibí dáadáa: wọ́n tún un ṣe.

Àwọn alátakò á tún ní, ta ló dìbò fún júrì? Kò sí. Kò sì sí ẹni tó dìbò fún adájọ́ náà, tàbí fún agbẹjọ́rò ìjọba tó yan ẹ̀sùn tí wọ́n máa fi kan ènìyàn, tó sì lè pa ẹjọ́ rẹ́ nígbàkigbà láìsọ ìdí. Ẹ kò bá agbẹjọ́rò ìjọba jà pé ó ń sọ ara rẹ̀ di aṣòfin nígbà tó bá jókòó sínú ọ́fíìsì rẹ̀ tó sì fi ẹlẹ́ṣẹ̀ kan sílẹ̀. Kí ló dé tó fi di ọ̀ràn nígbà tí àwọn ará ìlú bá ṣe irú rẹ̀ ní gbangba kóòtù, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́?

Aṣòfin ń kọ òfin fún ènìyàn tí kò tíì rí rí. Bó ti yẹ kó rí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tó máa wo ojú ẹni náà kí òfin tó balẹ̀ sí i lára. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tó sọ ọ́ kò ní ká kọ iṣẹ́. Ó ní ká fi làákàyè àti ìwà ọmọlúàbí jẹ́ iṣẹ́ náà, ká má ṣe bí ẹni tí kò ní orí lọ́rùn. Àwọn Akan tí wọ́n ni Kumasi náà mọ èyí. Nínú ìgbẹ́jọ́ àwọn olóyè wọn, bí ẹjọ́ bá dé ojú ẹ̀, àwọn àgbà a dìde kúrò níwájú èrò, wọ́n á ní àwọn ń lọ bi abrewa, ìyá arúgbó, léèrè, kí wọ́n tó padà wá sọ ìdájọ́ lẹ́nu ọ̀kyeame, agbẹnusọ olóyè. Wọ́n ti gbọ́ ẹ̀rí tán nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n ń lọ bèèrè lọ́dọ̀ ìyá arúgbó ju ẹ̀rí lọ. Yàrá tí àwọn júrì méje ń wọ̀ ní kóòtù Kumasi kò ṣàjèjì sí àṣà ilẹ̀ náà bí àwọn kan ṣe fẹ́ ká gbà.

Ohun tó ṣàjèjì sí i ni òfin tí kò sí ará ìlú kankan nínú rẹ̀, ilẹ̀ Asante sì ti jẹ irú ìyẹn yó. Ní 1896 àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Asantehene, ọba Asante, Prempeh Kìíní, pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn ìjòyè rẹ̀, wọ́n kó wọn lọ sí Elmina, láti ibẹ̀ sí Sierra Leone, láti ibẹ̀ sí erékùṣù Seychelles. Kò sí ẹjọ́ tí wọ́n pè é. Ọdún 1924 ló tó padà wọ Kumasi. Láàárín ìgbà náà wọ́n ti sọ Asante di ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì láti ìbẹ̀rẹ̀ 1902, àwọn kọmíṣánnà ló ń dá ẹjọ́ níbẹ̀, títí di 1933 kò sì sí agbẹjọ́rò tó lè dúró fún olùjẹ́jọ́ nínú kóòtù wọn. Ènìyàn lè jẹ́jọ́ ikú ní Kumasi láìní ẹni tó máa gbẹnu sọ fún un. Nígbà tí mo bá gbọ́ tí ọmọ Gánà kan ń sọ pé ìdájọ́ á yá, á sì mọ́, bí a bá mú ará ìlú kúrò nínú rẹ̀, ó ń ya mí lẹ́nu. Wọ́n ti dán an wò ní ìlú yìí.

Ó kan àwa Yorùbá náà. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Abrefa Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú wá a tàbí kí wọ́n kó jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Àwọn ènìyàn wa láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà, Ọ̀fà, Ìlọrin àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn, tí wọ́n ti ń tajà ní Kumasi láti ìgbà àwọn bàbá wọn, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí wọ́n kọ́lé síbẹ̀, fi ọjà àti ilé sílẹ̀. Àṣẹ ìjọba ni, ọlọ́pàá ló sì mú un ṣẹ. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti bi aládùúgbò Asante méje léèrè pé, ṣé ẹ fẹ́ kí á lé Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá níbẹ̀, tó ń gbé ẹ̀yìn ilé yín láti ogún ọdún? Mi ò sọ pé gbogbo wọn ni ì bá kọ̀. Àwọn kan fẹ́ kí a lọ. Ohun tí mo ń sọ ni pé a kò bi wọ́n. Nígbà tí Nàìjíríà náà dìde ní oṣù kìíní 1983, tí ìjọba Shehu Shagari lé àwọn ọmọ Gánà tí kò níwèé, wọn kò bi ará Mushin tàbí ará Ìbàdàn kankan. Ní Èkó, júrì wà láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lónìí kò sí i mọ́ níbì kankan ní Nàìjíríà, a sì ti gbàgbé pé a ní in rí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi fẹ́ kí àwọn ọmọ Gánà di tiwọn mú.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó le jù kò tíì dé. Ní oṣù kẹsàn-án 1955, ní ìlú Sumner ní ìpínlẹ̀ Mississippi ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin aláwọ̀ funfun méjìlá jókòó bíi júrì lórí ọ̀ràn àwọn méjì tó pa Emmett Till, ọmọdékùnrin aláwọ̀ dúdú tí kò ju ọdún mẹ́rìnlá lọ. Kò gbà wọ́n ju wákàtí kan àti ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ láti sọ pé wọn kò jẹ̀bi. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, àwọn apànìyàn náà jẹ́wọ́ fún ìwé ìròyìn, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe fún wọn mọ́. Júrì tó kọ̀ láti dá ni lẹ́bi nìyẹn náà. Ẹni tó bá ń gbèjà kíkọ̀ júrì tí kò bá dúró níwájú òkú ọmọ yìí, ojo ni.

Èmi dúró níwájú rẹ̀, ohun tí mo rí sì nìyí. Àwọn ọkùnrin Sumner kò ní ọ̀ràn kankan pẹ̀lú òfin ìpànìyàn. Bí ọmọ aláwọ̀ funfun ni wọ́n pa, wọn ì bá dájọ́ ikú kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹni tó kú ni wọn kò kà sí ènìyàn. Kì í ṣe òfin ni wọ́n dá lẹ́jọ́. Wọ́n tún ọmọ náà pa lẹ́ẹ̀kejì ni. Ẹ fi wọ́n wé àwọn júrì Boston ní ìgbà òfin ẹrú tó sá ti ọdún 1850, òfin tó ní kí gbogbo ènìyàn ran olówó ẹrú lọ́wọ́ láti mú ẹrú rẹ̀ padà. Ní 1851 àwọn ènìyàn já Shadrach Minkins, ẹrú kan tó sá, gbà nínú kóòtù Boston gan-an, wọ́n ràn án lọ́wọ́ títí ó fi dé Kánádà. Ìjọba pe àwọn tó gbà á lẹ́jọ́. Kò rí ẹnì kan dá lẹ́bi nínú wọn. Ẹ̀rí wà. Àwọn júrì kò fẹ́. Nínú ọ̀rọ̀ Boston, ìjọba ló fẹ́ lo júrì láti fi tẹ ènìyàn mọ́lẹ̀, júrì sì kọ̀. Nínú ti Sumner, ẹni tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ ló wá sí kóòtù fún ààbò, júrì sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ẹni tó bá pe méjèèjì ní ohun kan náà, kò wo ẹni tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀.

Ohun tó sì mú ti Sumner ṣeé ṣe ni bí wọ́n ṣe yan júrì: kò sí aláwọ̀ dúdú kan, kò sí obìnrin kan. Gánà náà ní tirẹ̀. Lẹ́yìn bọ́ǹbù Kulungugu ti 1962, tí wọ́n fi fẹ́ pa Ààrẹ Nkrumah, wọ́n fẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ kan Tawia Adamafio, Ako Adjei àti Coffie Crabbe. Adájọ́ mẹ́ta, tí Adájọ́ Àgbà Arku Korsah ṣe olórí wọn, dá àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní oṣù kejìlá 1963. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ Nkrumah lé Korsah kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ṣe òfin tó jẹ́ kí wọ́n lè pa ìdájọ́ náà rẹ́. Nígbà tí wọ́n tún ẹjọ́ náà pè, júrì méjìlá ló gbọ́ ọ, wọ́n sì ṣà wọ́n láti ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣèlú Nkrumah ní Winneba. Àwọn júrì yẹn ò kọ̀ rárá. Ní 1965 wọ́n dá gbogbo wọn lẹ́bi, ìdájọ́ ikú ló tẹ̀lé e, kí wọ́n tó yí i sí ẹ̀wọ̀n. Ohun tí aláṣẹ máa ń fẹ́ lọ́wọ́ júrì nìyẹn: ọwọ́ tí kò ní gbọ̀n. Èmi yóò fara mọ́ júrì tó ní agídí ju èyí tí wọ́n ti kọ́ ní orin kan ṣoṣo lọ.

Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣàtúnṣe, ibi tí wọ́n ti ń yan júrì ni ká gbájú mọ́. Òfin ní kí júrì wà láàárín ọdún 25 sí 60, kó sì gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nínú ìṣe, ọ́fíìsì ìjọba ni orúkọ ti ń wá jù. Ẹ lọ sí ọjà Kejetia kí ẹ wo àwọn obìnrin tó ń bọ́ ìlú náà. Ẹ lọ sí Zongo. Ẹ lọ sí Suame níbi tí àwọn mẹkáníìkì wà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í jókòó bíi júrì láé, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ wọn ló ń dúró nínú àpótí olùjẹ́jọ́. Ògbufọ̀ wà ní kóòtù fún ẹlẹ́rìí àti fún olùjẹ́jọ́. Kí ló ní kí ó má lè wà fún júrì?

Ẹ̀rù tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá pé ẹnì kan ṣoṣo lè dá ọ̀daràn sílẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kẹrin 2023, ní Accra, júrì méje dá ẹjọ́ lórí ikú Adams Mahama, alága ẹgbẹ́ òṣèlú NPP ní Upper East tí wọ́n da ásíìdì sí lára ní Bolgatanga ní 2015. Wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé ọ̀kan nínú àwọn olùjẹ́jọ́ méjì jẹ̀bi. Lórí èkejì, wọ́n pín sí mẹ́rin àti mẹ́ta, mẹ́rin ní kò jẹ̀bi. Wọn kò torí ìyẹn fi í sílẹ̀. Adájọ́ ní kí wọ́n tún ẹjọ́ rẹ̀ pè níwájú júrì mìíràn. Ní oṣù kìíní 2024, lórí ikú Major Maxwell Mahama tí àwọn ará Denkyira-Obuasi pa nípakúpa ní 2017, júrì dá 12 lẹ́bi nínú 14, wọ́n sì dá méjì sílẹ̀. Ṣé àwọn ènìyàn tí àánú ti fọ́ lójú nìyẹn? Wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó pa ènìyàn àti ẹni tí a kò rí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ìwà ìkà tí agbo ènìyàn hù sí ọmọ ogun tó ń sáré ìdárayá láàárọ̀ kò ní àwáwí. Kò sí júrì tó wo òfin tó ní kí á má pa aláìṣẹ̀, tó ní òfin burúkú ni.

Lọ́nà kan, ewu túbọ̀ wà báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti 2023 tí ẹ̀wọ̀n gbére ti rọ́pò ikú fún ìpànìyàn, ìwé òfin orílẹ̀-èdè kò fi dandan lé e mọ́ pé kí ohùn júrì ṣọ̀kan lórí ẹ̀sùn yìí; ọwọ́ ilé aṣòfin ni iye tó máa tó wà. Inú mi dùn pé ikú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n gbére tó jẹ́ dandan náà kò wo ojú ẹnikẹ́ni, obìnrin Bantama tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò bá a níbẹ̀. Ìdí tí júrì fi lè ní láti kọ̀ kò tíì tán.

Ẹ̀tọ́ yìí ti pẹ́ láyé. Ní 1670, ní London, wọ́n pe William Penn àti William Mead lẹ́jọ́ nítorí pé wọ́n wàásù lójú títì Gracechurch. Júrì méjìlá, tí Edward Bushell wà lára wọn, kọ̀ láti dá wọn lẹ́bi. Wọ́n tì wọ́n mọ́lé láìsí oúnjẹ, láìsí omi, láìsí iná. Wọn kò yí ohùn padà. Wọ́n bu owó ìtanràn lé wọn, wọ́n sì kó wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Newgate. Bushell gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Adájọ́ Àgbà John Vaughan, ó sì dájọ́ pé a kò lè fìyà jẹ júrì nítorí ìdájọ́ tó dá. Orí ìdájọ́ yìí ni gbogbo kóòtù tó gba júrì lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì dúró lé. Síbẹ̀, ní 2023, nígbà tí obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé páálí dúró níta kóòtù kan ní London, tó kọ ọ́ sára rẹ̀ pé júrì ní ẹ̀tọ́ láti tẹ̀lé ẹ̀rí ọkàn rẹ̀, ìjọba fẹ́ pè é lẹ́jọ́ pé ó tàbùkù kóòtù. Ní oṣù kẹrin 2024 Kóòtù Gíga kọ̀ fún wọn. Wọn kò rí ọ̀rọ̀ obìnrin náà já nírọ́. Ohun tí wọn kò fẹ́ ni kí júrì gbọ́ ọ.

Mo ní kí júrì Kumasi gbọ́ ọ. Kí adájọ́ tó ń ṣàlàyé òfin fún wọn fi kún un pé kò sí ẹni tó lè fi agbára mú wọn sọ pé ó jẹ̀bi. Bí ó bá bẹ̀rù pé wọ́n á ṣi í lò, kó sọ èyí náà fún wọn pé kíkọ̀ wà fún dídá ènìyàn sílẹ̀ nìkan, kò sí agbára kankan lọ́wọ́ wọn láti dá ẹni tí òfin kò mú lẹ́bi nítorí pé wọn kò fẹ́ràn rẹ̀, tàbí nítorí pé àjèjì ni.

Ìwọ tí ń ka èyí ní Kumasi, tí ìwé ìpè kóòtù bá kàn ọ́ lọ́la, má wá ẹni tó máa bá ọ yọ orúkọ rẹ kúrò. Lọ. Gbọ́ ẹjọ́ náà tán. Bí ẹ̀rí kò bá tó, dá olùjẹ́jọ́ sílẹ̀. Bó bá tó, tí ìyà náà sì bá ẹ̀ṣẹ̀ mu, dá a lẹ́bi láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí o fi ohùn rẹ ti ìyà tí o mọ̀ lọ́kàn rẹ pé kò tọ́, sọ pé rárá, kí o sì dúró lórí rẹ̀. Kò sí adájọ́ tó lè bi ọ́ léèrè ìdí.